ÌMỌ̀ NI AFỌ́JÚ NÁÀ WÁ BÉÈRÈ, KÌ Í ṢE SÀÁRÀ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ojú àti etí, tí ó sì fi òye sínú ọkàn ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé ìlànà wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ó ṣòro láti rí mọ́sáláṣí ńlá kan ní Ìbàdàn, Èkó, Ìlọrin tàbí Abẹ́òkúta tí afọ́jú kì í jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀. Ọmọ kékeré ni yóò di orí ọ̀pá mú níwájú, afọ́jú yóò di ìdí rẹ̀ mú lẹ́yìn. Àwọn olùkírun yóò ju owó sínú àwo, wọn yóò ṣe àmín sí àdúà rẹ̀, wọn yóò sì kọjá lọ. Ní Jímọ̀ tí ó tẹ̀lé e, afọ́jú kan náà àti àwo kan náà yóò tún wà níbẹ̀. Báyìí ni ọdún ń gorí ọdún. Ọmọ tí ń fa ọ̀pá kò lọ sí ilé-ìwé, kò sì kọ́ iṣẹ́. Òun tí ojú rẹ̀ là kedere náà ń dàgbà sínú agbe.

Kò sí Mùsùlùmí tí yóò sọ pé sàárà kò dára. Ọlọ́hun ni ó pa á láṣẹ, ẹ̀san rẹ̀ sì ń bẹ lọ́dọ̀ Rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí bi ara wọn léèrè ọ̀rọ̀ kan: sàárà tí ẹnì kan gbà fún ogún ọdún tí kò sì fi kúrò lójú kan, ṣé ó ti ṣe gbogbo ohun tí ó yẹ kí ó ṣe? Ṣé afọ́jú ni ó ń ràn lọ́wọ́ ni, tàbí ó kàn ń fi ọkàn ẹni tí ó ríran balẹ̀?

OHUN TÍ ỌMỌ UMMU MAKTUM WÁ ṢE

Ìtàn tí ó wà nídìí Súrà Abasa, orí ọgọ́rin (80) nínú Àlùkùránì alápọ̀n-ọ́nlé, kò ṣàjèjì sí ọmọ ilé kéwú. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) wà pẹ̀lú àwọn àgbààgbà Kùráéṣì ní Mẹ́kà, ó ń pè wọ́n sínú ẹ̀sìn, ó sì ń retí pé bí wọ́n bá gbà, àwọn ènìyàn wọn yóò tẹ̀lé wọn. Ìgbà náà ni Abdullah ọmọ Ummu Maktum, ọkùnrin tí kò ríran, wọlé dé. Ànábì fa ojú ro, ó sì yí ojú kúrò lára rẹ̀. Ọlọ́hun sọ ọ̀rọ̀ kalẹ̀ láti tọ́ ọ sọ́nà.

Wáàsí púpọ̀ ni àwọn àáfà ti ṣe lórí ìtàn yìí, ẹ̀kọ́ tí wọ́n sì sábà máa ń fà yọ ni pé kí ènìyàn má fojú tẹ́ńbẹ́lú aláìní. Òdodo ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ mìíràn wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń fò kọjá. Kí ni ọkùnrin náà wá béèrè? Kò béèrè oúnjẹ, kò béèrè aṣọ, kò na ọwọ́ gba owó. Ó ní kí Ànábì kọ́ òun nínú ohun tí Ọlọ́hun fi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kọ́ ni ó wá gbà, nítorí ẹni tí ó wá gba ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ ìtọ́sọ́nà náà sì ṣe sọ̀ kalẹ̀.

Ìtàn náà kò parí sí Mẹ́kà. Ní Mẹ̀dínà, ọmọ Ummu Maktum di ládàání Ànábì pẹ̀lú Bilal. Nínú oṣù ààwẹ̀, òru ni Bilal máa ń pe ìpè tirẹ̀. Ìpè ọmọ Ummu Maktum ni àwọn ènìyàn fi ń mọ̀ pé àfẹ̀mọ́júmọ́ ti dé, pé kí jíjẹ àti mímu dúró. Báwo ni ẹni tí kò ríran ṣe ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́? Hádíìsì fi yé ni pé àwọn ènìyàn ni ó máa ń sọ fún un, kí ó tó pe ìrun. Ohùn ni iṣẹ́ náà ń fẹ́, ohùn sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ojú tí ó kù, àwọn ará ìlú yá a ní tiwọn. Wọn kò gba odidi iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ohun kan ṣoṣo tí kò lè ṣe. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí Ànábì bá rin ìrìn àjò, ó fi í ṣe adelé ní Mẹ̀dínà lẹ́ẹ̀kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ohun méjì péré ni ètò Ànábì fún afọ́jú yìí: kí wọ́n kọ́ ọ, kí wọ́n sì ràn án lọ́wọ́ níbi tí ẹ̀kọ́ kò bá tó. Ohun méjì náà ni àwọn afọ́jú ń wá títí di òní.

ÀWỌN WO NI AFỌ́JÚ LÁÀRIN ÌLÚ?

Láàrin ọdún 2005 sí 2007, wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan lórí ojú káàkiri Nàìjíríà. Nínú ẹgbẹ̀rún (1,000) ènìyàn tí ó ti pé ogójì (40) ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí méjìlélógójì (42) ni kò ríran. Èyí lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn ní orílẹ̀-èdè yìí nígbà náà, láìka àwọn ọmọdé mọ́ wọn. Ìwádìí náà tún fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún (100) wọn, mẹ́rìnlélọ́gọ́rin (84) ni ó jẹ́ pé ìtọ́jú tàbí ìdènà ìbá ti gba ojú wọn là. Katarákítì, èyí tí ń mú kí ẹyinjú àgbàlagbà funfun, ni ó fọ́ ojú tí ó pọ̀ jù lọ. Iṣẹ́ abẹ a sì máa la irú ojú bẹ́ẹ̀. Gulakómà ni ó tẹ̀lé e. Èyí a máa jí ojú gbé díẹ̀díẹ̀, láìsí ìrora, ohun tí ó bá sì ti gbé lọ kì í padà mọ́.

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó yẹ kí Mùsùlùmí mú níbẹ̀. Èkíní, kí wọ́n tó sọ pé kádàrá ni, kí wọ́n kọ́kọ́ mú aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Kádàrá kì í ṣe àwáwí fún ọ̀lẹ. Èkejì, púpọ̀ nínú àwọn afọ́jú kì í ṣe ẹni tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀. Bàbá ni wọ́n, ìyá ni wọ́n; télọ̀ ni wọ́n, awakọ̀ ni wọ́n, olùkọ́ ni wọ́n, kí ojú tó lọ. Irú wọn kò ṣe é fi sí kíláàsì ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kí wọ́n fi wọ́n sí kọ̀rọ̀ yàrá kí wọ́n máa gbé oúnjẹ fún wọn títí ikú yóò fi dé. Àtúnkọ́ ni wọ́n ń fẹ́: kí wọ́n tún rìn, kí wọ́n tún kàwé, kí wọ́n tún ṣiṣẹ́.

ẸKỌ́ TÍ Ń SỌ AFỌ́JÚ DI ÒMÌNIRA

Ìrìn ni ó ṣáájú. Ẹni tí kò lè dá dé ilé ìyàgbẹ́ kò lè dá dé ibi iṣẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní ilé ìwòsàn àwọn ológun tí ó wà ní Valley Forge ní Amẹ́ríkà, Richard Hoover ṣe ètò ìlànà lílo ọ̀pá gígùn fún àwọn ọmọ ogun tí ojú wọn fọ́. Ọ̀pá náà ga tó igbá àyà ẹni tí ó ń lò ó. Kì í ṣe fífi ara tì ni wọ́n ṣe é fún. Iwájú ni wọ́n ń nà án sí, wọn a máa jù ú sí ọ̀tún àti sí òsì, kí ó lè fọwọ́ kan ibi tí ẹsẹ̀ yóò tẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó dé ibẹ̀. Ọ̀pá yìí ni yóò sọ pé gọ́tà wà níwájú, pé àtẹ̀gùn bẹ̀rẹ̀, pé ọ̀dà títì parí, pé iyẹ̀pẹ̀ ni ó kàn. Olùkọ́ yóò tún kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti fi etí gbọ́ ibi tí ọkọ̀ ń gbà, kí ó fi ojú ara mọ ibi tí oòrùn wà, kí ó sì fi imú mọ ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì àti ti mẹkáníìkì. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní gba ọmọ kan kúrò ní ilé-ìwé mọ́ kí ó lè máa fa ọ̀pá.

Ìwé kíkà ni ó tẹ̀lé e. Ní ọdún 1809 ni wọ́n bí Louis Braille ní Coupvray, ní ilẹ̀ Faransé. Oníṣẹ́ awọ ni bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Louis nígbà tí irinṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi ń lu awọ ṣe é léṣe lójú kan. Egbò náà ran ojú kejì, ó sì fọ́jú pátápátá. Ní ọdún 1819 ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́ afọ́jú ní Paris. Níbẹ̀ ni ó ti gbọ́ nípa àmì onítóótòòtó tí Charles Barbier, ọ̀gágun kan, gbé kalẹ̀ fún kíkàwé nínú òkùnkùn. Louis gé e kúrú, ó tún un ṣe, nígbà tí ó sì fi pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ètò tirẹ̀ ti dúró. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1829. Tóótòòtó mẹ́fà péré ni, mẹ́ta ní òsì, mẹ́ta ní ọ̀tún. Bí wọ́n bá ṣe tò wọ́n ni yóò di lẹ́tà, nọ́ńbà tàbí àmì. Irinṣẹ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí ó jọ òòlu ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé nípọn. Irú ohun tí ó fọ́ ojú ọmọ náà ni ó padà di kálámù fún gbogbo afọ́jú ayé.

Kò sí èdè tí Bíréèlì kò lè kọ. Ti Lárúbáwá náà wà, láti òsì sí ọ̀tún ni wọ́n sì ń kà á, yàtọ̀ sí Lárúbáwá tí ojú ń kà. Odidi Àlùkùránì wà ní Bíréèlì. Ọmọ afọ́jú tí ilé kéwú sọ pé kò lè kàwé, ìka rẹ̀ lè kà á bí wọ́n bá kọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀kọ́ ìgbé ayé nínú ilé: bí wọ́n ti ń da omi gbígbóná sínú kọ́ọ̀bù láìjó ọwọ́, bí wọ́n ti ń gbé ọbẹ̀ ka iná, bí wọ́n ti ń to aṣọ kí funfun má bàa wọ inú dúdú, bí wọ́n ti ń ká owó ní oríṣiríṣi kí ọgọ́rùn-ún náírà má bàa dà pọ̀ mọ́ ẹgbẹ̀rún. Ohun kékeré ni wọ̀nyí lójú ẹni tí ó ríran. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó bá tún lè se oúnjẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ti gba ipò rẹ̀ padà nínú ilé.

Ẹ̀kẹrin ni iṣẹ́ àti ẹ̀rọ ayé òde òní. Láti ọdún 2006 ni ètò kan tí ń jẹ́ NVDA ti wà, tí ń ka ohun tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà sí afọ́jú létí, ọ̀fẹ́ ni. Ètò bẹ́ẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù ọlọ́wọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé kiri, wọn kò kàn mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ni. Pẹ̀lú rẹ̀, afọ́jú lè kọ lẹ́tà, ó lè ka ìwé ìròyìn, ó lè fi owó ránṣẹ́. Nítorí náà agbẹjọ́rò afọ́jú wà, olùkọ́ afọ́jú wà. Taha Hussein ti ilẹ̀ Íjíbítì fọ́jú ní kékeré. Ó kàwé ní al-Azhar, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé, ó sì di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní ọdún 1950. Sheikh Abdul-Aziz ibn Baz kò ríran láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, òun sì ni Mufti Àgbà ilẹ̀ Saudi láti ọdún 1993 títí di ọdún 1999 tí ó kú. Kò sí ẹni tí ó fi àwo síwájú wọn. Ìwé ni wọ́n fi síwájú wọn.

TA NI Ó KỌ́ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ WỌN?

Ní Gindiri ní ìpínlẹ̀ Plateau, àwọn míṣọ́nnárì dá ilé-ẹ̀kọ́ afọ́jú sílẹ̀ ní ọdún 1953. Ní Èkó, ẹgbẹ́ kan tí kì í ṣe ti ìjọ kankan, Federal Nigeria Society for the Blind, ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà afọ́jú ní Bíréèlì, ìrìn àti iṣẹ́ ọwọ́ ní Òṣòdì láti àárín ẹ̀wádún 1950. Ìjọ Kátólíìkì dá Pacelli sílẹ̀ ní Sùúrùlérè ní ọdún 1962 fún àwọn ọmọdé. Ní Ọ̀yọ́, ìjọba àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ ní ọdún 1977 láti máa kọ́ àwọn olùkọ́ fún àwọn aláàbọ̀ ara.

Ọpẹ́ yẹ gbogbo wọn, Mùsùlùmí kì í ṣe aláìmoore. Ṣùgbọ́n kí àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí wo àkọsílẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì. Mélòó ni mọ́sáláṣí tí wọ́n kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá láti ọdún 1962? Mélòó ni wọ́n fi táìsì àti kápẹ́ẹ̀tì olówó iyebíye ṣe lọ́ṣọ̀ọ́? Nínú gbogbo owó náà, èwo ni ó lọ sí ọ̀pá funfun kan, ìwé Bíréèlì kan tàbí owó oṣù olùkọ́ kan? Òbí tí ẹ̀rù ń bà pé ẹ̀sìn ọmọ òun yóò yí padà bí ó bá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ mìíràn ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n kí ó tìtorí ẹ̀rù náà fi ọmọ sílé láìkọ́ ọ ní ohunkóhun, àbòsí ni. Kí àwọn olórí ẹ̀sìn sì bá òbí náà wí láìpèsè ilé-ẹ̀kọ́ tàbí àáfà tí yóò máa lọ kọ́ ọmọ náà ní kéwú níbi tí ó wà, àbòsí tí ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ni.

Àwọn kan yóò sọ pé agbe ń mú owó wọlé ju apẹ̀rẹ̀ híhun lọ, pé ọ̀pọ̀ tí ó kọ́ṣẹ́ tún padà sí títì. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́, kò sì yẹ kí wọ́n fi ọwọ́ bò ó. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ tí kò rí oníbàárà, tí kò sí ilé iṣẹ́ tí yóò gbà á, ibo ni yóò lọ? Nítorí náà ẹ̀kọ́ nìkan kò tó. Ìlú tí ó kọ́ ọ ni ó gbọ́dọ̀ ra ọjà rẹ̀. Ẹni tí ó ní owó láti fún un ní sàárà ní owó láti ra àga tí ó hun.

Òfin pàápàá ti wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Òfin àpapọ̀ tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara sí èèwọ̀, tí Ààrẹ fi ọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ìparí ilé-ìwé gíga sẹ́kọ́ńdìrì. Ó ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba fi ó kéré tán ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún wọn. Ó sì kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni máa fi àbùkù ara ẹnì kan tọrọ owó ní gbangba. Èyí tí ó kàn ni kí ẹnì kan ka òfin náà sí àwọn afọ́jú létí, kí ó sì bá wọn béèrè ẹ̀tọ́ wọn.

IṢẸ́ TÍ Ó WÀ NÍLẸ̀

Àwọn Lèmọ́mù àti ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí: kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo afọ́jú tí ó wà ní àdúgbò sílẹ̀, kí wọ́n mọ ọjọ́ orí wọn, kí wọ́n sì mọ ẹni tí dókítà ojú kò tíì rí rí. Sàká ní ọ̀nà fún èyí. Àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn, pàápàá lórí ìlànà Imam Shafi'i, ti sọ láti ìgbà pípẹ́ pé wọ́n lè fi sàká ra irinṣẹ́ fún oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní, kí ó lè kúrò nínú ẹni tí ń gba sàká. Ọ̀pá, ìwé, kọ̀ǹpútà àti owó ọkọ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, irinṣẹ́ afọ́jú ni wọ́n.

Àwọn olùkọ́ ilé kéwú: kí wọ́n má lé ọmọ afọ́jú. Etí ni ọ̀pọ̀ fi há Àlùkùránì kí ìwé tó pọ̀. Bí ọmọ náà bá sì há a tán, kí wọ́n fi í ṣe olùkọ́, kí wọ́n san owó fún un.

Àwọn òbí: kí wọ́n má fi ọmọ pamọ́ nítorí ìtìjú. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, bí ojú rẹ̀ là tàbí kò là.

Àwọn ọ̀dọ́: iṣẹ́ tiwọn ni ó rọrùn jù, òun sì ni ó sún mọ́ jù. Kí wọ́n máa ka ìwé ilé-ẹ̀kọ́ sínú fóònù fún akẹ́kọ̀ọ́ afọ́jú. Kí wọ́n kọ́ afọ́jú àdúgbò bí fóònù tirẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ mú afọ́jú kọjá títì, kí wọ́n kọ́kọ́ kí i, kí wọ́n béèrè bí ó bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Kí wọ́n má tì í láti ẹ̀yìn, kí wọ́n má sì gbá ọ̀pá rẹ̀ mú; kí wọ́n jẹ́ kí ó di apá wọn mú lókè ìgúnpá, kí wọ́n sì ṣáájú rẹ̀ díẹ̀. Ní mọ́sáláṣí, kí wọ́n má da bàtà sí ojú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá kó bàtà kúrò ní ojú ọ̀nà afọ́jú ti mú ìpalára kúrò lọ́nà.

Afọ́jú tí ó wà ní Mẹ̀dínà kò gba ojú rẹ̀ padà. Ẹ̀kọ́ ni ó gbà, ó gba iṣẹ́, ó sì gba ọmọ ìyá tí ń sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́. Àwọn tí ń pe ara wọn ní ọmọlẹ́yìn Ànábì ní Nàìjíríà lónìí ní agbára láti pèsè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìbéèrè tí yóò wà fún wọn lọ́la kì í ṣe iye kọ́bọ̀ tí wọ́n jù sínú àwo nìkan. Wọn yóò bi wọ́n léèrè nípa ẹni tí ó wá gba ìmọ̀ tí wọ́n yí ojú kúrò lára rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun la ojú ọkàn gbogbo Mùsùlùmí, kí Ó ṣe ìrọ̀rùn fún gbogbo ẹni tí kò ríran, kí Ó sì jẹ́ kí ìmọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn láti ọwọ́ àwọn ọmọ ìyá wọn. Àmín.